Kí Ni Ó Wà Lẹ́yìn "Mò Ń Bọ̀"? Ẹ̀kọ́ Lórí Oníbàárà, Ìtàn Ọjà àti Òwò Oúnjẹ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí kò jẹ mọ́ àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ mọ́ ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ òwò ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti jáde ilé ìwé gíga tí iṣẹ́ oṣù kò tíì yọjú. Àwọn kan ti ń ta gàrí, àwọn kan ń se sóbò, àwọn kan ń sin ẹja, àwọn kan ń sin oyin. Ohun tí àwa olùkọ́ ilé kéwú sì máa ń tẹnu mọ́ fún yín ni pé kí òṣùwọ̀n yín pé, kí ẹ má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n mo ti rí olóòótọ́ tí ọjà rẹ̀ kùtà, tí oníjìbìtì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì tà tán kí oòrùn tó wọ̀. Kí ló fà á?

Ohun méjì ni a ó gbé yẹ̀ wò: mímọ ohun tí ó wà lọ́kàn oníbàárà, àti sísọ ìtàn ọjà fún un. Òwò tí mo sì ní lọ́kàn ni òwò oúnjẹ tí kì í run ibi tí oúnjẹ náà ti ń wá, èyí tí a kórè rẹ̀ lónìí tí ilẹ̀, igi tàbí ẹ̀dá tí a kórè lára rẹ̀ ṣì wà láàyè fún ti ọdún tí ń bọ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn méjì kan tí mo kọ́ ní kéwú rí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin, àbúrò lóbìnrin, gbé oyin wá sí àsàlátù wa ní ọjọ́ Àìkú kan. Ogójì ìgò ni. Wọ́n tẹ́ tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ÒGIDÌ OYIN, KÒ SÍ ÀDÀLÙ. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a ṣe àdúà tán tí gbogbo wa tú ká, ìgò méje péré ni wọ́n tà. Èmi pàápàá wà nínú àwọn méje náà. Ká má parọ́, ojú ni mo wò tí mo fi ra tèmi.

Inú ń bí èyí àbúrò. Ó ní: "Àfáà, àwọn ènìyàn wa kò mọ ohun tó dára. Èyí tí wọ́n fi ṣúgà lú lẹ́bàá títì ni wọ́n mọ̀ ọ́n rà."

Mo bi í pé: "Àwọn tí kò rà, kí ni wọ́n sọ?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dáhùn: "Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, Àfáà."

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti ọjà rí mọ gbólóhùn yìí. Yorùbá kì í fẹ́ sọ fún ọlọ́jà lójú rẹ̀ pé ọjà rẹ̀ kò wu òun. A ó ní "mò ń bọ̀", a ó ní "ẹ jẹ́ n dé ọ̀hún ná", a ó ní "ọjà á tà o", a ó sì máa bá tiwa lọ. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni, ó dára láàrin ara wa, ṣùgbọ́n ó ń pa ọlọ́jà lára, nítorí pé ohun tí ìbá fi tún ọjà rẹ̀ ṣe gan-an ni oníbàárà gbé mọ́nú lọ. Ọlọ́jà á wá jókòó, á fi èrò ara rẹ̀ dí àlàfo náà: wọn kò lówó, wọn kò mọyì, ayé ti bàjẹ́.

Mo ní kí wọ́n ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí wọ́n padà lọ bá ogún nínú àwọn tí ó ní àwọn ń bọ̀, kí wọ́n má sì gbé oyin kankan dání. Mo kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ béèrè pé "Kí ló dé tí ẹ kò rà á?" nítorí "kò sówó" ni wọn yóò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ béèrè pé "Bí a bá tún gbé e wá, ṣé ẹ ó rà á?" nítorí gbogbo ènìyàn ni yóò dáhùn pé "In shā’ Allāh". (Bí a ti ń lo ọ̀rọ̀ ńlá yẹn láti fi sá fún ara wa, ó yẹ fún ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní oṣù mìíràn.) Ohun kan ṣoṣo tí mo ní kí wọ́n béèrè ni: "Màmá, ìgbà tí ẹ ra oyin kẹ́yìn, báwo ni ó ti rí?" Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ẹ bá bi ní èrò rẹ̀ yóò sọ ohun tí ó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹni tí ẹ bá ní kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni yóò sọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí ìwé náà dé ọwọ́ mi, mo kà á ní àkàtúnkà. Alhaja kan ra oyin lójú ọ̀nà márosẹ̀ nígbà tí ó ń ti ibi ìyàwó bọ̀. Kò pẹ́ tí ó dé ilé ni ìsàlẹ̀ ìgò di bíi ṣúgà. Ó dà á nù, ó sì pinnu pé òun kò ní ra oyin lọ́wọ́ ẹni tí òun kò mọ̀ mọ́. Bàbá kan sọ pé èyí tí òun rà ń rùn èéfín, eérú àti ìyẹ́ kòkòrò sì wà nínú rẹ̀. Obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ sọ pé ti àwọn ọmọ náà wu òun, ṣùgbọ́n ìgò ńlá nìkan ni ó wà nílẹ̀. Ó ní: "Kékeré ni ǹ bá fi dán an wò ná. Bó bá jẹ́ àdàlù, owó tó sọnù ò ní pọ̀." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ó ná an.

Èyí tí ó dùn mí jù, tí ó sì tún pa mí lẹ́rìn-ín, ni ti Ìyá Súnnà wa. Wọ́n bi í ní ìbéèrè tí mo fi rán wọn. Kò dáhùn rẹ̀ rárá. Ó wò wọ́n, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgò ọtí ni ẹ rọ oyin sí gbé wá sí àsàlátù." Òdodo ni. Ìgò àlòkù ni wọ́n rà lọ́jà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi omi gbígbóná ṣàn án, ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìrísí ìgò bíà? Àwọn ìyá tí ó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì náà kọjá ti rí i, ojú ló ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Èmi tí mo sì ra ọ̀kan gbé e sórí tábìlì ìjẹun ilé mi fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, n kò ṣàkíyèsí.

Nínú ogún ènìyàn, ẹni méjì péré ni ó mẹ́nu ba owó ṣáájú ohun mìíràn.

Bí ẹ bá ń ka ẹ̀kọ́ yìí ní ìpàdé ẹ̀ka yín, ẹ dúró níhìn-ín díẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ oúnjẹ kan tí ó rà kẹ́yìn tí ó kábàámọ̀ rẹ̀, kí àwọn ìyókù má dá sí i títí yóò fi sọ tán. Ẹ ó rí i pé kò sí ẹni tí yóò sọ pé "n kò fẹ́ràn rẹ̀" lásán. Olúkúlùkù ni yóò sọ ìtàn. Oníbàárà ti ní ìtàn tirẹ̀ lọ́kàn kí ẹ tó dé pẹ̀lú tiyín, ti ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ rí sì ni ó máa ń wà lókè.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí: ògidì, kò sí àdàlù. Ta ni kì í kọ ọ́? Ẹni tí ó fi ṣúgà lú oyin ni yóò kọ́kọ́ kọ ọ́. Bí a bá sì fi "wọ̀láhì" kún un, ìbúra ni ó dà. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kìlọ̀ pé ìbúra a máa mú ọjà tà, ṣùgbọ́n a máa pa ìbùkún inú rẹ̀ rẹ́. Ìbúra kì í ṣe ìtàn. Ìtàn ọjà ni ohun tí ènìyàn lè lọ wò: ibo ni ó ti wá, ọwọ́ ta ni ó ti jáde, ìgbà wo ni, báwo ni wọ́n ti ṣe é. Òpùrọ́ lè búra kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ó ṣòro fún un láti dárúkọ oko kan tí oníbàárà lè rìn dé.

Àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́. "Gàrí Ìjẹ̀bú": ọ̀rọ̀ méjì ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ó kan, ó kúnná, ó gbẹ, yóò sì dára fún mímu. "Ìrẹsì Ọ̀fàdà": ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó fún un ní orúkọ, ìrẹsì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún nígbà kan nítorí òkúta inú rẹ̀ sì ni wọ́n ń wá kiri níbi àríyá lónìí. Ìtàn wà nínú orúkọ náà, ọlọ́jà kò ní láti búra. Kìkì pé ẹnikẹ́ni lè jí orúkọ lò. Gàrí tí kò fojú kan Ìjẹ̀bú rí ń jẹ́ Ìjẹ̀bú káàkiri. Nítorí náà, orúkọ ìlú nìkan kò tó mọ́.

Mo wá bi tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí pé: "Ẹ̀yin, báwo ni ẹ ṣe ń rí oyin tiyín?" Ńṣe ni ó dà bí ẹni ṣí omi ẹ̀rọ.

Wọ́n ní iná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kó oyin nígbó. Wọ́n á lọ lóru, wọ́n á fi ògùṣọ̀ sun ihò igi, kòkòrò oyin á kú, ọmọ inú afárá á kú, wọ́n á wá fún afárá náà pẹ̀lú eérú. Wọ́n rí oyin ọdún kan, wọ́n sì ti pa ti ọdún tí ń bọ̀. Èéfín àti ìyẹ́ tí Bàbá yẹn rí nínú tirẹ̀ nìyẹn. Àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kan àpótí onígi, wọ́n sì to igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ẹnu rẹ̀, irú àpótí tí wọ́n ṣe jáde ní Kenya ní àwọn ọdún 1970. Kòkòrò oyin á fi ìda kọ́ afárá rọ̀ sábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á fi èéfín díẹ̀ tù wọ́n, wọ́n á fa igi kan yọ, wọ́n á sì wò ó bóyá kòkòrò ti fi ìda dé ojú afárá náà. Èyí tí kò tíì dé, omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á dá a padà sáyè rẹ̀. Ìlànà Codex tí a ń lò káàkiri àgbáyé ni pé omi inú oyin kò gbọdọ̀ ju 20 nínú 100 lọ. Bí omi bá pọ̀ jù, oyin lè hó, kó sì kan. Èyí tí ó gbó ni wọ́n á gé, wọ́n á sì fi èyí tí ó tó sílẹ̀ fún kòkòrò náà láti jẹ nígbà òjò.

Oko kaṣú kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni àpótí wọn wà. Wọ́n ti ẹsẹ̀ àpótí bọ inú agolo tí wọ́n bu ọ́ìlì mọ́tò sí, kí èèrà má baà gùn ún. Inú olóko dùn sí wọn, nítorí kòkòrò oyin a máa gbé àtíkè láti òdòdó kan dé èkejì, èso kaṣú á sì so. Àwọn náà bá a ṣe àdéhùn pé bí yóò bá fín oògùn apakòkòrò, kí ó sọ fún wọn ṣáájú, kí ó sì fín in ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin bá ti wọlé. Ó gbàgbé lẹ́ẹ̀kan. Àpótí méjì ṣófo.

Nígbà tí wọ́n sọ tán, mo ní: "Ǹjẹ́ ẹ sọ èyí fún ẹnikẹ́ni ní àsàlátù?" Wọ́n wo ara wọn lójú. Èyí àbúrò ní: "Àfáà, a rò pé oyin ni wọ́n fẹ́ rà, kì í ṣe ọ̀rọ̀."

Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ náà ni a ó dà sórí gbogbo ènìyàn. Àdéhùn wọn pẹ̀lú olóko kaṣú ni ó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn náà, ǹ bá sì kọ ọ́ sára ìgò bí ó bá ṣe pé èmi ni. Ẹ wo inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn: kò sí ẹnì kan nínú ogún tí ó béèrè ohun tí ó jọ ọ́. Bàbá ń béèrè nípa iná àti eérú. Alhaja ń béèrè ibi tí òun yóò ti rí wọn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Aláṣọ ń béèrè ìgò kékeré. Ọ̀pọ̀ olówò ni ó ń sọ ìtàn tí ó dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀, nígbà tí oníbàárà ń dúró de ìdáhùn sí ohun tí ó ń bà á lẹ́rù.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ogójì ìgò nìkan ni èyí wà fún. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Ghana, nínú ọ̀rọ̀ kòkó. Àwọn tí bàbá wọn gbin kòkó ní Oǹdó tàbí ní Ilé-Ifẹ̀ mọ ìtàn òṣùwọ̀n. Àgbẹ̀ á ru kòkó gbígbẹ wá, ẹni tí ó ń rà á á ti ṣe nǹkan sí òṣùwọ̀n, kílò mélòó kan á sì sọnù. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Ghana ń sá fún nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Kuapa Kokoo sílẹ̀ ní ọdún 1993, lẹ́yìn tí ìjọba gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Twi ni àgbẹ̀ kòkó rere. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni ó ń yan ẹni tí yóò máa wọn kòkó wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé odidi sùúrà kan, Sūratu l-Muṭaffifīn, ni ó gba orúkọ rẹ̀ lára àwọn adín-òṣùwọ̀n-kù.

Ní ọdún 1997, wọ́n pinnu ní ìpàdé ọdọọdún wọn pé àwọn fẹ́ ní ilé iṣẹ́ ṣokoléètì tiwọn. Ní ọdún 1998 wọ́n dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Britain pẹ̀lú Twin Trading àti The Body Shop. The Day Chocolate Company ni wọ́n pè é nígbà náà, ṣokoléètì rẹ̀ sì ń jẹ́ Divine. (Orúkọ náà kì í ṣe irú èyí tí èmi ìbá sọ ohun jíjẹ, ṣùgbọ́n wọn kò bi mí.) Àwọn àgbẹ̀ kò kàn ń ta kòkó fún ilé iṣẹ́ náà, wọ́n ní ìpín nínú rẹ̀. Nígbà tí The Body Shop sì fi ìpín tirẹ̀ ta Kuapa lọ́rẹ ní ọdún 2006, ìpín àwọn àgbẹ̀ di 45 nínú 100.

Ohun tí ó wù mí nínú ọ̀rọ̀ wọn ni bí wọ́n ti mọ oníbàárà wọn. Òyìnbó tí ó wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra ṣokoléètì kò wá ṣe sàráà, adùn ló ń wá. Bí ẹ bá gbé àwòrán àgbẹ̀ tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ síwájú rẹ̀, àánú lè ṣe é kí ó ra ẹyọ kan. Bí kò bá dùn, kò ní ra ìkejì. Wọ́n ṣe ṣokoléètì náà bí ẹnu àwọn ará Britain ti ń fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àwọn àmì Adinkra ilẹ̀ Ghana ṣe ara ohun tí wọ́n fi wé e lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ tí ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu yóò wá yí i padà kà, ibẹ̀ ni yóò ti rí i pé àwọn tí ó gbin kòkó náà ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà. Àwọn àgbẹ̀ pàápàá, ọkùnrin àti obìnrin, a máa rìnrìn àjò lọ sí Britain láti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ìtàn ti jẹ gbèsè. Ní ọdún 2010, BBC fi ètò kan hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn ọmọdé tí ó ń ṣe iṣẹ́ oko kòkó tí kò yẹ ọmọdé, àwọn abúlé kan tí ó wà nínú Kuapa sì wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Kuapa dá àwọn abúlé náà dúró. Ó burú, ó sì dùn ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fẹ́ràn ìtàn náà, ṣùgbọ́n yálà kí ẹgbẹ́ náà dá wọn dúró, tàbí kí ó máa polówó ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó di ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Weinrich ti ilẹ̀ Jámánì, tí ó ti ń bá wọn ṣe ṣokoléètì náà tipẹ́, gba ìpín tí ó pọ̀ jù, ti Kuapa sì wálẹ̀ sí 20 nínú 100. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣì ń sọ ti 2006 bí ẹni pé ti òní ni, irọ́ ló ń pa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò hùmọ̀ ọ̀rọ̀ kankan. Ìtàn ọjà ní ọdún tirẹ̀.

Ẹ rántí òkìtì oúnjẹ tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá lọ́jà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ kan ọ̀rinrin. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ìbéèrè tí ó bi í ni pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní hádíìsì yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìtànjẹ, òun náà sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oyin yìí ni ó jẹ́ kí n ṣàkíyèsí ohun kan nínú rẹ̀: kò ní kí ọkùnrin náà kó oúnjẹ rẹ̀ kúrò lọ́jà. Ibi tí ó fi èyí tí ó tutù pamọ́ sí ni ó bá a wí lé lórí.

Kí ni ó tutù nínú oyin? Ó kọ́kọ́ fara hàn wọ́n ní ọdún kejì. Ọyẹ́ mú, oyin bẹ̀rẹ̀ sí í dì nílé àwọn oníbàárà, ìgò márùn-ún sì padà wá. Wọ́n ní ṣúgà ti jókòó sísàlẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, oyin tí kò ní àdàlù kankan a máa dì. Irú ṣúgà kan tí à ń pè ní glucose wà nínú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá, òun ni ó máa ń dì nígbà tí ó bá pẹ́ tàbí tí òtútù bá mú. Bí ẹ bá gbé ìgò náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, yóò yọ́ padà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ògidì oyin ni Alhaja ọjọ́ kìíní yẹn dà nù! Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánwò ìṣáná, ti èèrà, àti ti omi tí a máa ń ṣe: wọn kò lè sọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ fún wa, nítorí ṣúgà tí a sè nípọn lè yege nínú wọn. Àwọn ọmọ náà dá owó padà fún àwọn márùn-ún. Ó dùn wọ́n, nítorí pé àwọn kò jẹ̀bi. Mo ní ẹ̀bi wọn ni pé wọ́n mọ̀ pé yóò dì, wọn kò sì sọ ọ́ kí ó tó dì.

Ìmọ̀ràn kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé kí wọ́n kọ áyà inú Sūratu n-Naḥl sára ìgò, kí wọ́n sì kọ pé oyin náà ń wo ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní rárá. Ọlọ́hun sọ pé ìwòsàn wà nínú rẹ̀, a gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata. Ọlọ́hun kò sọ pé ìgò tiyín ni yóò wo àìsàn Alhaji lágbájá. Ṣúgà pọ̀ nínú oyin. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ó bá ń mu ún nítorí ohun tí a kọ sára ìgò lè kó sí ewu, ọrùn ẹni tí ó kọ ọ́ ni yóò sì wà. Ẹ tún ronú ibi tí ìgò náà yóò dé nígbà tí oyin bá tán nínú rẹ̀: inú ààtàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun lára rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ nígbẹ̀yìn kúrú. Oyin oko kaṣú, Ògbómọ̀ṣọ́. A kò sun kòkòrò oyin. Oṣù àti ọdún tí a gé e. Bí ọyẹ́ bá mú, yóò dì. Ẹ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ lè wá wo àpótí náà ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ra ìgò tuntun, kékeré àti ńlá, wọ́n sì gbé igi kan tí afárá rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ sínú àpótí onígíláàsì sórí tábìlì. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ yí i ká, àwọn ìyá wọn tẹ̀lé wọn. Ìgò kékeré tán lọ́jọ́ náà, ti ńlá ṣẹ́ kù mẹ́fà. Ẹni mẹ́ta lọ wo oko. Oyin ta ọ̀kan nínú wọn ní ètè. Òun ló ń bá wọn polówó jù lọ báyìí.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ìyá ọlọ́mọ kan wá. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Ó fẹ́ ra ìgò kékeré méjì, kí ó máa fi sínú ẹ̀kọ ọmọ náà. Èyí àbúrò kò tà á fún un fún ìlò yẹn. Ó ṣàlàyé pé a kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, bó ti wù kó jẹ́ ògidì tó, nítorí irúgbìn kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí ìfun ọmọ ọwọ́ kò tíì lè bá jà, tí í máa sọ ara ọmọ di rìrọ̀ títí kan èémí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe taḥnīk fún ọmọ tuntun, dàbínù ni kí ẹ lò. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń tọ́ oyin sí ọmọ lẹ́nu níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sẹ́nu àwọn òbí. Ìyá náà dúró díẹ̀, ó bi í pé: "Ṣé ẹ̀yin náà ni ẹ ń tà á, tí ẹ tún ń sọ báyìí?" Kò ra nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ jọ wá, wọ́n ra ìgò ńlá kan fún ara wọn.

Ìwé àkọsílẹ̀ ti di mẹ́ta. Ìlà tí wọ́n kọ kẹ́yìn nígbà tí mo rí i jẹ́ ti Ìyá Súnnà wa. Ó ní ìgò tuntun náà dára, kò wù ú láti sọ ọ́ nù, ṣé òun lè máa dá a padà kí wọ́n tún rọ òmíràn sí i ní owó tí ó dín díẹ̀? Wọ́n ṣì ń ṣírò iye tí fífọ̀ rẹ̀ yóò ná wọn.